Mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bójú tó Linux, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

omo_osogbo
Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Iléèwé aládàáni kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Óṣogbo níbí, èmi ni mò ń bá wọn tọ́jú kọ̀ǹpútà tó wà ní láàbù, méjìlá ni gbogbo ẹ̀, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn. Ìyá tó ni iléèwé wá pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àwọn fẹ́ kí èsì ìdánwò àwọn ọmọ wà lójú kan ṣoṣo, kí àwọn tíṣà yéé fi fláàṣì gbé e káàkiri, torí ní tááàmù tó kọjá fáírọ́ọ̀sì jẹ èsì kíláàsì kan tán pátápátá, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi tún gbogbo máàkì yẹn kọ látinú ìwé àwọn ọmọ. Wọ́n sọ fún mi pé mo lè fi Linux ṣe é láìra láísẹ́ǹsì kankan.

Ibi tí mo wá há sí ni pé Windows nìkan ni mo mọ̀. Mo ti wo fídíò títí dátà mi fi tán, tí mo bá ń wò ó á dà bíi pé ó yé mi, tí mo bá pa á tán mi ò ní rántí nǹkan kan. Láptọ́ọ̀pù tèmi 4GB RAM ni, iná ibí ò sì dúró. Distro wo ni kí n mú nínú gbogbo èyí tó pọ̀ bí eṣú yìí? Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ ṣe sátífíkéètì ni? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn mí lọ́wọ́, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa ni o, kì í ṣe pé kó kàn ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan.

baba_temina
Àbúrò, o ṣeun tó o béèrè kó o tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ distro kúrò lọ́nà torí òun ló máa ń jẹ oṣù mẹ́ta mọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Linux fúnra ẹ̀, kẹ́nẹ́ẹ̀lì ni, òun ló wà láàárín irin inú kọ̀ǹpútà àti àwọn ètò tó ò ń lò. Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1991 nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Helsinki ní Finland. Àwọn irinṣẹ́ tá à ń tẹ̀ ní tẹ́mínà (ojú dúdú tá à ń kọ àṣẹ sí), bíi ls, cp, bash, inú iṣẹ́ GNU tí Richard Stallman kéde ní 1983 ni wọ́n ti wá. Àwọn tó wá ń kó gbogbo ẹ̀ jọ, tí wọ́n dì í ní ẹrù kan tá a lè gbé sórí kọ̀ǹpútà, ohun tí wọ́n dì yẹn là ń pè ní distro. Ilé ńlá méjì péré ló yẹ kó o mọ̀ fún iṣẹ́ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀. Ilé Debian, Ian Murdock ló dá a sílẹ̀ ní 1993, Ubuntu tí Mark Shuttleworth ọmọ Gúúsù Áfíríkà gbé jáde ní 2004 orí Debian yẹn ló dúró lé, apt ni wọ́n fi ń gbé ètò wọlé níbẹ̀. Ilé kejì ni ti Red Hat, àwọn Rocky, AlmaLinux àti Fedora wà níbẹ̀, dnf ni tiwọn. Tó o bá mọ ọ̀kan dáadáa, ìkejì ò ní gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ ẹ.

Mú Debian. Fáìlì kékeré tí wọ́n ń pè ní netinst kò tó 1GB, Ubuntu fún sáfà lé ní 2GB, ìwọ náà sì mọ iye tí dátà jẹ́. Má gbé désktọ́ọ̀pù sí i, ojú dúdú lásán ni kó o fi sílẹ̀, á ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tó ti darúgbó. Ohun tó yẹ kó o wò lára distro ni ọdún mélòó ni wọ́n máa fi bá ọ dí ihò tí àwọn olè lè gbà wọlé. Debian kọ̀ọ̀kan ń jẹ ọdún márùn-ún tó o bá ka LTS ẹ̀ (ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́) mọ́ ọn, Ubuntu LTS náà ọdún márùn-ún. Mo ń sọ èyí torí ohun tí ojú wa rí lórí CentOS 8, distro kan nínú ilé Red Hat, gbogbo wa rò pé 2029 ni yóò kú, ní December 2020 ni wọ́n kéde pé ìparí 2021 ni, iṣẹ́ ọdún kan odidi ni kíkó kúrò níbẹ̀ dì fún wa.

iya_lab
Ọ̀rọ̀ fídíò yẹn ni mo fẹ́ dáhùn. Èmi náà ní láàbù l'Ábẹ́òkúta, mo ti kọ́ ọmọ tó pọ̀, mi ò tíì rí ẹni tó fi ojú lásán kọ́ ọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n, wọ́n ba nǹkan jẹ́, wọ́n sì tún un ṣe. Nítorí náà, kó o tó gbé ohunkóhun fún iléèwé, mú èyí tó bàjẹ́ jù nínú kọ̀ǹpútà méjìlá yẹn, èyí tí kò sí ẹni tó ń bínú sí mọ́, kó o gbé Debian sí i. Tí wọn ò bá fún ọ, gbé VirtualBox, ètò tó ń dá kọ̀ǹpútà àfarawé sínú kọ̀ǹpútà, sórí láptọ́ọ̀pù ẹ, fún ẹ̀rọ inú ẹ̀ ní 1GB RAM, á tó. Lẹ́yìn náà kó o ya snapshot ẹ̀ (ẹ̀dà bó ṣe wà tí o lè padà sí), kó o wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà á jẹ́ ní tòótọ́.

Iṣẹ́ tí mo máa ń fún àwọn ọmọ mi nìyí. Ẹ ṣe bíi pé ẹ ti gbàgbé páwọ́ọ̀dù, ẹ wá ọ̀nà wọlé. Tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn bọ̀, tẹ lẹ́tà e lójú GRUB (ojú àkọ́kọ́ tó ń jáde kí Linux tó tàn), wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú linux, fi init=/bin/bash sí ìparí ẹ̀, tẹ Ctrl+X, tó bá ti wọlé kó o tẹ mount -o remount,rw / kó o wá fi passwd yí i padà. Ọjọ́ tí ọmọ kan bá ṣe èyí fún ìgbà àkọ́kọ́, ìwọ náà á rí i lójú ẹ̀ pé ẹ̀rù kọ̀ǹpútà ti kúrò lára ẹ̀. Nǹkan kejì tó sì máa kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá lè fọwọ́ kan sáfà lè gbà á, torí náà yàrá tí sáfà bá wà, ẹ tì í pa.

Ẹ tún mú ìwé kan dání, ìwé gidi, tí ẹ ó máa kọ ohun tí ẹ tẹ̀ àti ohun tó dá yín lóhùn sí. Mo ní tèmi láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, mo ṣì ń ṣí i.

omo_osogbo
Mo dúpẹ́ o mà, mo dúpẹ́ o sà. Mo ti rí ọ̀kan gbà nínú àwọn tó wà ní láàbù. Ẹ jọ̀ọ́ fláàṣì wo ni màá fi gbé e sí i, mo rí dd níbì kan, mo tún rí Rufus.

baba_temina
Rufus ni kó o lò láti orí Windows ẹ, òun àti dd ló ń kọ fáìlì Debian sórí fláàṣì. dd dára ṣùgbọ́n kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ èèyàn, tó o bá kọ of=/dev/sda dípò of=/dev/sdb, háàdì dísíìkì ẹ ló ń nù yẹn. Ọjọ́ tó o bá máa lò ó, kọ́kọ́ tẹ lsblk kó o wo èyí tó jẹ́ fláàṣì nípa bó ṣe tóbi tó. Kó o sì fi sha256sum wo fáìlì tó o gbà bóyá ó pé, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń já yìí máa ń mú ìlàjì wá nígbà míì.

tokunbo_ibadan
Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò sí nínú fídíò àwọn òyìnbó. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, bátìrì kékeré tó wà lára mọ́dábọọ̀dù ẹ̀, CR2032, ó ti kú nínú èyí tó pọ̀ jù. Tí iná bá ti lọ pẹ́nrẹ́n, aago inú ẹ̀ á padà sí ọdún tí wọ́n ṣe é. O wá tan kọ̀ǹpútà, o tẹ apt update, ó ní Release file is not valid yet, o tún lọ sórí sáìtì, ó ní sátífíkéètì wọn kò dára, wàá rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ló bàjẹ́ tàbí pé o ti ba Debian jẹ́, èmi fi odindi ọjọ́ méjì tún un gbé sí i kí n tó wo aago, 2010 ni ó wà. Tẹ timedatectl kọ́kọ́. Tó bá ti sọnù, timedatectl set-timezone Africa/Lagos, kó o jẹ́ kí ó bá íntánẹ́ẹ̀tì mú aago, tí ọjà bá ṣí kó o lọ ra bátìrì yẹn, owó ẹ̀ kò pọ̀.

Nípa iná, ext4 tí Debian fi ń to fáìlì sórí dísíìkì ní ìwé àkọsílẹ̀ tó ń mú un bọ̀ sípò tí iná bá já mọ́ ọn lójijì, ìwé yẹn kì í jẹ́ kí ètò dísíìkì dàrú ṣùgbọ́n fáìlì tí tíṣà ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ, kò sí ẹni tó lè ṣèlérí ẹ̀. Ẹ wá UPS kékeré kan fún sáfà nìkan, kò pọn dandan fún gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù. NUT ni orúkọ ètò tó ń bá UPS sọ̀rọ̀, tí bátìrì UPS bá fẹ́ tán òun ló máa bá yín pa sáfà jẹ́ẹ́jẹ́. Kí ẹ tó ra UPS ẹ wò ó bóyá ó ní ibi tí wáyà USB ń wọ̀, èyí tí kò bá ní kò lè bá kọ̀ǹpútà sọ nǹkan kan.

Tí ẹ bá wá fẹ́ gbé Linux sórí àwọn yòókù náà lọ́jọ́ iwájú, gbé apt-cacher-ng sórí sáfà, ohun tí ẹnì kan bá ti fà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn mọ́kànlá yòókù á mú un lára sáfà, dátà kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lẹ máa san.

onise_oru
Iṣẹ́ sáfà ni mò ń jẹ, òru ni ṣíìfù mi. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ wọ́n ní kí n tan ufw (fáyàwọ́ọ̀lù, odi tó ń yan ohun tó lè wọlé) sórí sáfà kan tó wà lókè òkun, mo tẹ ufw enable, inú mi dùn, mo jáde. Nígbà tí mo fẹ́ padà wọlé ó kọ̀, mi ò tíì ṣí pọ́ọ̀tù 22, ẹnu ọ̀nà tí SSH tá a fi ń wọ sáfà láti òkèèrè ń gbà. Èmi tí mo ti ilẹ̀kùn ni mo wà lóde, kọ́kọ́rọ́ wà nínú ilé. Wákàtí mẹ́rin ni àwọn oníbàárà ò fi rí iṣẹ́ wọn ṣe kí àwọn tó ni ilé sáfà tó bá mi ṣí i. Àṣẹ ufw allow OpenSSH ló ń kọ́kọ́ ṣáájú, ẹ̀yìn ẹ̀ ni enable. Nígbàkigbà tó o bá sì fọwọ́ kan nǹkan tó jẹ mọ́ SSH tàbí fáyàwọ́ọ̀lù, fi ojú tó o ṣí tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣí òmíràn láti fi wò ó bóyá ó ṣì ń wọlé, tó bá wọlé ni kó o tó pa ti àkọ́kọ́.

Kọ́kọ́rọ́ ni kó o máa fi wọlé, má fi páwọ́ọ̀dù. Tẹ ssh-keygen -t ed25519 lórí láptọ́ọ̀pù ẹ, á ṣe kọ́kọ́rọ́ alápá méjì fún ọ, ssh-copy-id á bá ọ gbé apá tó yẹ kó wà lórí sáfà lọ, apá kejì má fún ẹnikẹ́ni, kódà èmi. Tó bá ti ń ṣiṣẹ́ kó o wá pa páwọ́ọ̀dù nínú /etc/ssh/sshd_config, PasswordAuthentication no. Sáfà iléèwé ẹ inú ilé ló máa wà ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó o bá ní èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wo log ẹ̀ (àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀) lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ péré, wàá rí àwọn tí o kò mọ̀ rí tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn ní orúkọ root, admin, test, láìsinmi. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ọ̀kan tó kù, crontab -e ni wọ́n fi ń tún iṣẹ́ tó ń ṣe ara ẹ̀ kọ, crontab -r ni wọ́n fi ń pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. E àti r fara kan ara wọn lórí kíbọọ̀dù, kò sì ní béèrè pé ṣé ó dá ọ lójú. Máa fi crontab -l tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀ sínú fáìlì kan kó o tó ṣí i.

omo_osogbo
Mo ti gbé e sí i! Ó wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àṣẹ yìí kò yé mi rárá, ó ń kọ permission denied fún mi níbi gbogbo, ẹnì kan lórí ìkànnì míì ní kí n tẹ chmod -R 777 kí gbogbo ẹ̀ lè ṣí.

onise_oru
Má tẹ̀ ẹ́ o!! Jọ̀ọ́. Tó o bá ṣe é láti orí / sudo tá a fi ń gba àṣẹ ọ̀gá àgbà fúnra ẹ̀ á kọ̀, SSH náà á kọ kọ́kọ́rọ́ ẹ pé ó ṣí sílẹ̀ jù. Kò sí bó o ṣe máa dá a padà ní fáìlì kọ̀ọ̀kan, títún gbé sí i ló kù.

ara_ajase
Ẹ kú o, láti Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti ń kọ. Ojú ilé ni mo máa fi ń ṣàlàyé ẹ̀. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní onílé, ó ní ará ilé, ó ní àlejò. Onílé jẹ́ ẹnì kan, ará ilé jẹ́ ẹgbẹ́ kan, àlejò ni gbogbo ẹni tó kù. Ẹni kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí lè kà, iye ẹ̀ 4, lè kọ, iye ẹ̀ 2, lè mú un ṣiṣẹ́, iye ẹ̀ 1. Ro wọ́n pọ̀. 640 túmọ̀ sí pé onílé lè kà kó sì kọ, ará ilé lè kà lásán, àlejò kò ní nǹkan kan. Tó bá jẹ́ fódà, 1 yẹn ni àṣẹ láti wọlé, ibẹ̀ ló máa ń rú àwọn èèyàn lójú, o lè fún èèyàn ní àṣẹ láti ka fáìlì tó wà nínú yàrá, tí kò bá lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé, òfo ni. Bí ó bá ti kọ permission denied, má bá a jà, tẹ namei -l pẹ̀lú ọ̀nà fáìlì yẹn, á to gbogbo ẹnu ọ̀nà láti / títí dé ibẹ̀ fún ọ, wàá rí èyí tó tì.

Fún ti àwọn tíṣà, báyìí ni màá ṣe é. Dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, groupadd oluko, fi tíṣà kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀ pẹ̀lú usermod -aG oluko àti orúkọ ẹ̀, ẹ má gbàgbé a kékeré yẹn o, láìsí i ó máa yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ẹgbẹ́ tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹ dá fódà /srv/esi, chgrp oluko, chmod 2770. 2 tó wà níwájú yẹn ló ń mú kí fáìlì tuntun tí ẹnikẹ́ni bá gbé sínú ẹ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́ oluko, kì í ṣe ti ẹni yẹn nìkan. Samba ni kí ẹ fi ṣí i fún àwọn Windows, Samba sì ní páwọ́ọ̀dù tirẹ̀ lọ́tọ̀, smbpasswd -a ni wọ́n fi ń fi í sí i, ọ̀pọ̀ ló máa ń há síbẹ̀.

Èyí jẹ́ fún àwọn tó ń ka Faransé bíi tiwa: sáfà wa ń kọ àṣìṣe ẹ̀ ní Faransé, tí a bá fi wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìdáhùn mẹ́ta péré la máa ń rí. Ẹ fi LC_ALL=C ṣáájú kọmáàǹdì yẹn, á sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀kan yẹn nìkan, ìdáhùn á pọ̀ lọ jàra.

omo_osogbo
Ọlọ́run á bùkún yín. Onílé, ará ilé, àlejò, ó ti wọ̀ mí lára. Ìbéèrè míì: àwọn ọmọ wa ń jẹ́ Ṣadé, Ọláolúwa, Ẹniọlá, tíṣà kan sì fẹ́ máa kọ orúkọ fáìlì bó ṣe yẹ kí a kọ ọ́, ṣé Linux á gbà á?

ara_peckham
Á gbà á dáadáa, locale (ìṣètò èdè) Yorùbá wà nínú ẹ̀ gan-an, yo_NG ni orúkọ ẹ̀, tẹ dpkg-reconfigure locales kó o mú èyí tó ní UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà wa pẹ̀lú àmì wọn. Lórí désktọ́ọ̀pù náà kíbọọ̀dù Yorùbá wà lábẹ́ Nigeria, setxkbmap ng yoruba.

Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí, mo sì fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà á. Ọ lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà, ó tún lè jẹ́ o pẹ̀lú àmì kan lábẹ́ ẹ̀, lẹ́tà méjì. Lójú wa ìkan náà ni. Linux ò ka ojú, baìtì ló ń kà, nítorí náà tíṣà kan lè tọ́jú Ọláolúwa láti orí Windows, ẹlòmíì tọ́jú Ọláolúwa láti orí fóònù, fáìlì méjì á wà tí orúkọ wọn jọra bí ìbejì, èsì ọmọ á pín sí méjì kò sì sí ẹni tó máa mọ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ níbi tí a ti ń tọ́jú orúkọ ọmọ ìjọ, oṣù méjì kó tó hàn sí wa. Ètò kan wà tó ń jẹ́ convmv, tẹ convmv -f utf8 -t utf8 --nfc -r /srv/esi, á kọ́kọ́ fi ohun tó fẹ́ yí padà hàn ọ́ láìfọwọ́ kàn án, tó bá tẹ́ ọ lọ́rùn kó o fi --notest kún un. Tàbí kí ẹ máa fi nọ́ńbà ọmọ sọ fáìlì lórúkọ, kí orúkọ ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ wà nínú fáìlì. Èmi fara mọ́ ti nọ́ńbà.

O béèrè nípa sátífíkéètì kò sì sẹ́ni tó dá ọ lóhùn. Méjì ni wọ́n mọ̀ jù níbi tí mo wà: LPIC-1, ìdánwò méjì ni, 101 àti 102, ìbéèrè ni wọ́n máa bi ọ́. RHCSA ti Red Hat, wọ́n á gbé ẹ̀rọ síwájú ẹ pé ṣe é ká rí i, kò sí A B C D. Èmi ṣe RHCSA torí iṣẹ́ tí mò ń wá, kò ba mi lọ́wọ́ jẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí fún ìbéèrè níbi iṣẹ́, ohun tí wọ́n bi mí ni pé dísíìkì kún, o ti pa log ńlá kan rẹ́, df -h tó ń ka àyè dísíìkì ṣì ń sọ pé ó kún, kí ló fà á? Ojú mi ti rí i rí nílé, ètò kan ṣì di fáìlì yẹn mú lọ́wọ́, lsof +L1 á fi hàn ọ́, tún ètò yẹn bẹ̀rẹ̀ àyè á sì padà. Ohun tí mo ti bà jẹ́ nílé ló gba iṣẹ́ yẹn fún mi. Kọ́kọ́ gbé sáfà iléèwé yẹn dúró fún odindi tááàmù kan, lẹ́yìn ìyẹn owó ìdánwò náà á wúlò fún ọ.

iya_lab
Ẹ ò tíì sọ nípa ẹ̀dà. Fi háàdì dísíìkì méjì sí i ní RAID 1, kí ohun kan náà wà lórí méjèèjì, tí ọ̀kan bá kú ìkejì á gbé e.

onise_oru
Ẹ má bínú mà, mo gbà pé RAID dára ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀dà. Tí tíṣà bá pa fáìlì rẹ́, méjèèjì ló ti pa á rẹ́ lẹ́sẹ̀ kan náà. Fáírọ́ọ̀sì orí Windows náà á gba Samba dé ibẹ̀, ibikíbi tí tíṣà bá lè kọ nǹkan sí, fáírọ́ọ̀sì tó wà lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀ lè kọ ọ́ náà. Ibi tí ẹ̀dà máa wà gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí kò sí tíṣà kankan tó lè dé.

Ra háàdì dísíìkì USB kan. Kí sáfà máa fi rsync -a, ètò tó ń ṣe ẹ̀dà fáìlì, gbé /srv/esi/ sí i lálẹ́, fódà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, --link-dest á jẹ́ kí fáìlì tí kò yí padà má gba àyè lẹ́ẹ̀mejì. Ṣọ́ igi kékeré tó wà níparí yẹn o, /srv/esi/ ni ohun inú fódà, /srv/esi láìsí i ni fódà pẹ̀lú gbogbo ohun inú ẹ̀, mo ti rí i tó ba iṣẹ́ jẹ́. Tó o bá máa fi --delete sí i, fi -n ṣe é lẹ́ẹ̀kan ná, á kàn sọ ohun tó fẹ́ ṣe ni. Dísíìkì kejì kan tún wà tí ìyá tó ni iléèwé máa mú lọ sílé ní Friday, kí ó má sùn nílé kan náà pẹ̀lú sáfà.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mú fáìlì kan bọ̀ láti inú ẹ̀dà kó o ṣí i kó o kà á. Ẹ̀dà tí wọn ò tíì mú nǹkan bọ̀ nínú ẹ̀ rí, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé ó wà.

iya_lab
O ṣé ọmọ mi, òótọ́ lo sọ. Dísíìkì lásán ni mò ń rò, mi ò ro ti ọwọ́ èèyàn. Màá lọ ṣe é fún láàbù tèmi náà lọ́sẹ̀ yìí.

tokunbo_ibadan
Tí ẹ bá máa kọ dísíìkì USB yẹn sínú /etc/fstab, fáìlì tó ń sọ dísíìkì tí sáfà máa so mọ́ra tó bá ń tàn, ẹ fi UUID ẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀) kọ ọ́, blkid á sọ ọ́ fún yín, torí sdb òní lè di sdc lọ́la. Ẹ sì fi nofail sí i, kí sáfà lè tàn bí dísíìkì yẹn kò bá sí níbẹ̀. Tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ tẹ mount -a kí ẹ tó pa kọ̀ǹpútà, tí àṣìṣe bá wà níbẹ̀ á sọ ọ́ nígbà tí ẹ ṣì wà nínú ilé.

omo_osogbo
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo ní kí n wá jíṣẹ́. Sáfà ti ń ṣiṣẹ́, tíṣà mẹ́sàn-án ló ń lò ó. Ní Tuesday tó kọjá iná lọ lóru, UPS gbé e díẹ̀ ó tán, kò sí ibi wáyà USB lára UPS wa torí èyí tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fún mi. Nígbà tí mo dé láàárọ̀ tí mo tan sáfà, ó dúró sójú kan, ó ń ka ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ pé òun ń dúró de dísíìkì kan, lẹ́yìn náà ó ní emergency mode ó béèrè páwọ́ọ̀dù root. Àyà mi já, àwọn tíṣà ti ń wọlé. Mo wá rántí pé ìyá ti mú dísíìkì kejì lọ sílé ní Friday, èmi sì ti kọ ọ́ sínú fstab láìfi nofail sí i, mo fi í sí ti àkọ́kọ́ nìkan. Mo tẹ páwọ́ọ̀dù, mo fi nano ṣí /etc/fstab, mo fi nofail sí ìlà yẹn, mo tẹ mount -a, kò sọ nǹkan kan, mo tẹ reboot. Ó wọlé. Kò gbà mí tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi bí ìyá_lab ṣe sọ, ojú ewé 31.

Ní Thursday tíṣà JSS 2 pa èsì ìṣirò rẹ́ láìmọ̀. Mo mú un bọ̀ láti inú ẹ̀dà ti alẹ́ ọjọ́ Wednesday, ìlà mẹ́rin péré tó kọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ló tún kọ. Obìnrin yẹn di mí mọ́ra.

Ìbéèrè kan ló kù. Ìyá fẹ́ kí fódà kan wà tí gbogbo tíṣà lè kà, kí ó jẹ́ pé àwọn méjì tó ń bójú tó ìdánwò nìkan ló lè kọ nǹkan sínú ẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni fódà lè ní, báwo ni màá ṣe é?

ara_ajase
ACL ni, àfikún àṣẹ tó ń jẹ́ kí ẹgbẹ́ míì náà ní àyè lórí fódà. Dá ẹgbẹ́ idanwo sílẹ̀ fún àwọn méjì yẹn, kí fódà jẹ́ ti ẹgbẹ́ yẹn, chmod 2770. Lẹ́yìn náà apt install acl, tẹ setfacl -m g:oluko:rx sórí fódà yẹn, kó o tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú -d kí fáìlì tuntun náà máa jogún ẹ̀, ní ìgbà kejì yẹn kó o fi g:idanwo:rwx sí i náà. Fi getfacl wò ó. Kí àwọn méjèèjì jáde nínú Windows wọn kí wọ́n tún wọlé, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ tuntun ò ní tíì mọ̀ wọ́n.

omo_osogbo
Ó ṣiṣẹ́. Ẹ ṣeun, mò ń lọ ra UPS tó ní wáyà.